Èmi Ni Mo Ń Bu Omi Tútù Sí Ọbẹ̀ Wọn

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí èmi náà kọ́kọ́ bínú. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ fún ààfáà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo lọ ra ẹ̀wà ní ọjà Shasha, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ẹ má béèrè orúkọ mi. Ìgandò ni mò ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni alága àwọn ayálégbé. Bàbá Alága ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni mo fi ṣe ibi.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe ike ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní ká máa lọ sílé, àwọn á pè wá. A ṣì ń retí ìpè náà títí di òní.

Ọdún yẹn kan náà ni oúnjẹ gbówó lórí. Ẹ ṣáà rántí. Ìrẹsì wọ́n, ẹ̀wà wọ́n. Gààrì tó jẹ́ pé òun ni tálákà fi ń fọwọ́ sọ̀yà, òun náà wọ́n. Owó tó ra kóńgò gààrì kan lóṣù yìí, kò ní ra ààbọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bí a bá bi ọlọ́jà, á ní onímọ́tò ni. Bí a bá bi onímọ́tò, á ní epo ni, àti ọ̀nà tó bà jẹ́. Bí mo bá sì tan rédíò, ọ̀gá ńlá kan tí kò dúró níwájú kóńgò rí láyé rẹ̀ á máa gbà wá níyànjú pé kí kálukú gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wo? Ṣáláńgá ló wà ní ẹ̀yìnkùlé tiwa. Ṣé orí ṣáláńgá la fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí ni? Inú á bí mi, màá pa rédíò náà. Lẹ́yìn náà màá tún tàn án, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án.

Ìyàwó mi ń ta òkìrìkà ní ọjà Ìkọ̀tún. Ó máa ń jáde láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Èmi ọkọ ni mo wá ń jókòó sílé. Ẹ̀yin ọkùnrin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì á ti ilé-ìwé dé ní nǹkan bí aago méjì. Ìyá wọn á ti fi ife gààrì kan sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì mu ún. Omi máa ń pọ̀ ju gààrì lọ nínú abọ́ wọn. Èmi kì í fẹnu kàn án, kí wọ́n lè yó díẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, obìnrin kan wà nínú ilé tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ láìjẹ́ kó hàn. Opó ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ìyá Bọ̀sẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó máa ń din àkàrà níwájú ilé láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, á jókòó sínú kọ́rídọ̀, á máa ṣa ẹ̀wà. Àwọn àkàrà wẹ́wẹ́ tó bá já sínú epo, á kó wọn sínú bébà, á fi fún àwọn ọmọ mi pẹ̀lú Bọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà wá wọ́n, ó ń ta àwọn wẹ́wẹ́ náà. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bá ọmọ mi kékeré nínú ilé ìdáná. Ó dúró ti ìkòkò Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa tó ń ta àwo àti ife. Ọmọ náà kò ṣí ìkòkò. Ó kàn gbé imú sún mọ́ ọn. Mo gbá a létí. Mo ní ṣé kò ní ìtìjú ni, ṣé irú ọmọ tí mo bí nìyẹn, tí á máa gbóòórùn ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀. Ó sunkún wọnú yàrá lọ.

Mo dúró síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo wá ṣí ìkòkò náà fúnra mi.

Ọbẹ̀ ata ni. Ẹran mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Mi ò mú ẹran. Mo bu ṣíbí mẹ́ta. Nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé ọbẹ̀ náà ti lọ sílẹ̀, epo sì ti fa ìlà yí ìkòkò náà ká níbi tó dé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo bá bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, mo dà á sí i, mo rò ó pọ̀, mo dé e padà. Mo gbóríyìn fún ọgbọ́n ara mi. Mo fi omi gbígbóná inú fúláàsì ìyàwó mi te gààrì yẹn ní ẹ̀bà, mo gbé e fún àwọn ọmọ. Mo ní Ìyá Ìbejì ló fún wa, kí wọ́n má sọ fún ìyá wọn nítorí kò fẹ́ kí a máa gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá abọ́. Èyí tí mo gbá létí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Ó tó oṣù méjì. Òní ìkòkò tibí, ọ̀la ìkòkò tọ̀hún. Ṣíbí mẹ́ta, omi dúrọ́ọ̀mù, ìdérí. Mo máa ń dúró de ìgbà tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ bá gbé ẹ̀wà lọ sí ilé ẹ̀rọ.

Ohun tí èmi aláìmọ̀kan kò mọ̀ ni pé ọbẹ̀ kì í gba omi tútù. Mi ò dáná rí láyé mi. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti bí mi, ìyá mi kì í jẹ́ kí ọkùnrin dúró nídìí ààrò. Mi ò mọ̀ pé bí a bá bu omi tútù sí ọbẹ̀ tí a kò sì gbé e padà sórí iná, kíkan ló máa kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ọbẹ̀ ṣe ń kan nínú ilé wa nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yìí ti Ìyá Ìbejì, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti ìyàwó onífótò tí a jọ ń gbélé. Nínú ọdún tí tòmátò ti di nǹkan tí à ń kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin yìí ń da odindi ìkòkò ọbẹ̀ sínú gọ́tà. Ṣíbí mẹ́ta péré ni mo jí. Gbogbo ìyókù ni mo bà jẹ́. Bí mo bá rántí èyí báyìí, inú máa ń bí mi sí ara mi débi pé mo máa ń dá sọ̀rọ̀.

Àwọn obìnrin kọ́kọ́ rò pé ooru ni. Lẹ́yìn náà ni onífótò ka ẹran inú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ní ó pé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ náà ti ṣàn bí omi. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣéènì àti àgádágodo ti ìkòkò. Ẹ wo bí ayé ṣe le tó, ìkòkò ọbẹ̀ wá dà bí ilẹ̀kùn báńkì. Ẹni tí kò lówó àgádágodo gbé òkúta lé ìdérí tirẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Alága pe ìpàdé.

Mo pè é. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, nínú kọ́rídọ̀. Mo gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe àmín. Ìyá Ìbejì dìde.

"Mo ní mi ò ní ṣépè, torí ọmọ wà nílé. Ṣùgbọ́n kí ẹni yẹn jáde o! Ṣé èmi nìkan ni ebi ò pa ni? Ṣebí gbogbo wa la jọ ń lọ sọ́jà!"

Gbogbo wọn ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni Ìyá Bọ̀sẹ̀ rọra nawọ́ sókè.

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Obìnrin tó bá mọ ọbẹ̀, kò jẹ́ bu omi tútù sí i kó má gbé e kaná. Ó mọ̀ pé ó máa kan. Ẹni tó ń ṣe èyí, kì í dáná."

Mo rí i pé bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú kan péré ro ọ̀rọ̀ yẹn, ojú wọn á kúrò lára ara wọn, á bọ́ sára àwa ọkùnrin. Ọkùnrin mélòó ló sì ń wà nílé lọ́sàn-án? Èmi nìkan ni.

Mo bá yára gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, báwo lo ṣe mọ̀ pé omi tútù ni? Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bù ú ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ohun tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló burú jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ilé dà rú. Wọ́n ní àbí ẹ ò rí nǹkan, òun kúkú ló ń wà nílé lọ́sàn-án. Wọ́n ní ṣebí ẹ̀wà rẹ̀ ò lọ mọ́, kí ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń fi jẹun? Ìyàwó tèmi wà lára àwọn tó pariwo jù. Kò kúkú mọ nǹkan kan.

Èmi náà ni mo dá a lábàá pé kí wọ́n búra. Àwọn obìnrin nìkan o. Kò sẹ́ni tó ní kí ọkùnrin wá búra lórí ọbẹ̀, ọkùnrin wo ló ń wọ ilé ìdáná? Mo gbé Kùránì jáde nínú yàrá mi, onífótò gbé Bíbélì tirẹ̀ wá. Ìyá Ìbejì ní kí kálukú búra pé òun àti ọmọ òun kò jẹ níbẹ̀. Mo ní rárá, kí a má fa ọmọdé wọ inú ìbúra, kí kálukú kàn sọ pé ọwọ́ òun kò wọ ìkòkò ẹlòmíràn. Wọ́n ní àgbà gbọ́n. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ọmọ tèmi ló jẹ níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ìyá wọn búra èké. Mo rántí dáàbò bo ìyàwó mi lọ́dọ̀ Ọlọ́run, bí ẹni pé Ọlọ́run ò rí èmi tí mo gbé Kùránì dání.

Wọ́n búra níkọ̀ọ̀kan. Ó kan Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó ní ìjọ àwọn kì í búra. Ó ní, "Mi ò fọwọ́ kan ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé ìwé, ohun kan náà ni màá sọ. Ìjọ tiwa kì í búra, gbogbo yín lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Lóòótọ́, gbogbo wa la mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti jọ ń gbé, a mọ ìjọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rántí lọ́jọ́ náà? Ẹni tí kò búra ni olè. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹnikẹ́ni kò ra àkàrà rẹ̀ mọ́. Wọ́n á gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ ra búrẹ́dì ní òdìkejì títì. Ọmọ wọn kì í bá Bọ̀sẹ̀ ṣeré. Lánlọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré la máa ń rí i lọ́dún, kíá ló dé, ó ní òun ò lè máa gba olè sílé. Bí obìnrin náà ṣe ń kó jáde ló ti gbé yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, tí owó ilé sì ti lọ sókè. Èmi alága ni mo fún Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní ìwé kó-jáde lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ọjọ́ tó ń kó lọ, ọmọlanke ló gbé ẹrù rẹ̀. Agbada tó fi ń din àkàrà ló kù, Bọ̀sẹ̀ ló rù ú. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Agbada náà bò ó lójú, ó ń fi ọwọ́ kan gbé e sókè kó lè rí ọ̀nà. Ọmọ mi kékeré fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ fà á padà, ó pòṣé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì rí ẹni sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn ìbúra yẹn, mo jáwọ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run ni tàbí ẹ̀rù èèyàn, mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ìkòkò kankan mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan mo rí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ẹnu géètì ní Gowon Estate. Ọbẹ̀ kò kan mọ́ nínú ilé. Àwọn obìnrin bọ́ àgádágodo kúrò. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Láti ìgbà tó ti lọ, ara ti tu wá." Ìwà rere tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í hù ló jẹ́rìí takò ó. Ká ní mo jí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré sí i lẹ́yìn tó lọ, ì bá ti dá a láre. Mo mọ èyí nígbà náà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì jókòó ti oúnjẹ mi.

Ọdún mẹ́sàn-án kọjá. Oúnjẹ tún gbówó lórí, èyí tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀wà kan wà ní Shasha tó dẹ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ̀wà ilẹ̀. Bí àwọn alábàárù bá ń já àpò lórí tírélà, díẹ̀ máa ń dà sílẹ̀. Àwọn obìnrin kan á gbá a jọ, á ku yanrìn kúrò, á ṣa òkúta, á tà á fún irú wa. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń fọwọ́ tú ẹ̀wà, mi ò wo ojú ẹni tó ń tà á.

Ó ní, "Bàbá Alága, ẹ káàsán. Ṣé ọbẹ̀ ò kan mọ́ nílé yín?"

Mo gbójú sókè. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú, eruku ẹ̀wà sì bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Èmi tí mo máa ń pè é ní ìwọ, "ẹ̀yin" ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀yin mọ̀?"

"Mo ti mọ̀ kí ẹ tó pe ìpàdé. Mo gbàgbé ike ẹ̀wà lọ́jọ́ kan, mo padà wálé. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. "Mo kúkú sọ ọ́ débi tí mo lè sọ ọ́ dé. Mo ní ẹni yẹn kì í dáná, mo rò pé ẹ máa fi ìtìjú jẹ́wọ́. Kí n wá nàka sí yín? Ẹ̀yin lẹ gbé ìwé dání. Ẹ̀yin lẹ ń bi wá ní ìbéèrè. Ta ló máa gba opó gbọ́, jàre?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, àwọn èèyàn ń wò wá. Ó ní Ìṣẹ̀rí-Olófin ni òun ń gbé báyìí. Ó ní ilé-ìwé kan náà ni Bọ̀sẹ̀ àti àwọn ìbejì ilé wa ń lọ, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé ọmọ olè ọbẹ̀ ni. Bọ̀sẹ̀ kì í jẹun níwájú ẹnikẹ́ni ní ilé-ìwé mọ́.

Ó ní, "Mi ò fẹ́ owó yín. Mi ò sì fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ibi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́, ẹ lọ sọ òdodo níbẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lẹ́yìn náà ó wọn ẹ̀wà fún mi. Ó bu kóńgò náà kún, ó gbá a jọ títí kò fi gbà mọ́, ó dà á sínú ọ̀rá. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì bu ènì lé e. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà inú àpò kì í fún èèyàn ní ènì mọ́, wọ́n á ní ọjà ti gbówó lórí. Obìnrin tó ń gbá ẹ̀wà nílẹ̀ ló fún mi ní ènì.

Ìyàwó mi sè é. Ó ní ẹ̀wà náà dára, kò ní òkúta, ó ní kí n tún lọ ra níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní ebi ló fà á, ìjọba ló fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ràn mí lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni pé àwọn tó sọ gààrì di wúrà, kò sẹ́ni tó gbé Kùránì tàbí Bíbélì síwájú wọn rí pé kí wọ́n wá búra. Àwa tálákà la máa ń mú ara wa búra lórí ṣíbí ọbẹ̀. Èyí ń bí mi nínú, á sì máa bí mi nínú títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n ebi ló mú mi ṣí ìkòkò. Ebi kọ́ ló mú mi bi Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní ìbéèrè yẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Àkọ́bí mi ti ń múra ilé ọkọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀ yìí, òun náà á di ọmọ olè ọbẹ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, ọmọ ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ náà lọ yẹn, kò sì jẹ ṣíbí kan níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìpàdé ilé wa. Èmi ni mo ṣì jẹ́ alága. Èmi ni mo máa gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ìyàwó mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí. Bí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?